Orúkọ Ragnfrid Lẹ́yìn Òkè Ààtàn

Ẹjọ́ tó gun àtẹ̀gùn ààfin Báálẹ̀ Halldis láàárọ̀ àná, irú ẹ̀ ò wáyé rí láti ìgbà tí Oslo ti ń da ilẹ̀ sí ààtàn Kråkemyr. Wọ́n ní ọmọkùnrin kan kọ orúkọ obìnrin sára òkè ìdọ̀tí, ẹyẹ òkun ló sì fi ṣe yíǹkì.

Obìnrin tó ni orúkọ ọ̀hún wà níjokòó. Ragnfrid ni, òun ló ń wọn àwọn ọkọ̀ akólẹ̀ lẹ́nu géètì ààtàn. Àga ẹ̀yìn pátápátá ló mú, ó ń wo bàtà ara rẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ rà á. Lọ́wọ́ iwájú ni Tarjei tó ń wa katapílà jókòó sí. Ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀ nìkan ni Ragnfrid ń rí, ẹ̀yìn ọrùn ọ̀hún sì ti pọ́n.

Ààfin náà ò ju yàrá kan lókè ilé ìkàwé lọ. Ṣùgbọ́n bí Báálẹ̀ Halldis bá ti jókòó síbẹ̀, tí ó gbé fláàsì kọfí rẹ̀ ka iwájú, oníjà tó le jù á rọ̀. Ogójì ọdún ló fi ṣe agbẹ̀bí. Ìdajì àwọn tó ń wá rojọ́ níwájú rẹ̀, òun ló gbà wọ́n lọ́wọ́ ìyá wọn, ta ni yóò wá ṣe fáàrí fún un? Anfinn, ọmọ ìgbìmọ̀ rẹ̀, wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń jẹ búrẹ́dì pẹ̀lú wàràkàṣì.

"Embrik, ìwọ lo pẹjọ́," ni Báálẹ̀ wí. "Sọ tẹnu ẹ. Má jẹ̀ẹ́ kí kọfí mi tutù."

Embrik, ọ̀gá ààtàn, dìde, ó fa ṣòkòtò rẹ̀ sókè.

"Ìyá Báálẹ̀, òfin ààtàn wa ò le. Gbogbo ohun tí ọkọ̀ bá dà sílẹ̀ lóòjọ́, a gbọ́dọ̀ fi iyẹ̀pẹ̀ bò ó kí a tó ti géètì nírọ̀lẹ́. Gbogbo ẹ̀ pátá. Torí ẹyẹ, torí eku, torí òórùn. Tarjei ló ń fi katapílà bò ó. Nírọ̀lẹ́ Ọjọ́rú tó kọjá, Tarjei bò ó lóòótọ́, àmọ́ ó fi ibì kan sílẹ̀."

"Báwo ni ibì kan ọ̀hún ṣe tóbi tó?"

"Lẹ́tà mẹ́jọ ni, mà."

"Ṣé ìwé ni mo ní kó o kà fún mi ni? Mo ní báwo ló ṣe tóbi tó!"

"Lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ga ju ilé yìí lọ! Nígbà tí ilẹ̀ mọ́ ní Ọjọ́bọ̀, gbogbo ẹyẹ tó wà lórí omi gbọ́ òórùn oúnjẹ, wọ́n wá bà síbi tí kò bò. Iyẹ̀pẹ̀ dúdú, ẹyẹ funfun báláú. RAGNFRID! Bọ́ọ̀sì dúró lójú ọ̀nà márosẹ̀. Ẹnì kan tó ń wa ọkọ̀ òfuurufú fi rédíò béèrè lọ́wọ́ àwọn ará ilẹ̀ pé ta ni Ragnfrid!"

"Kí lo wá fẹ́ ká ṣe fún un?"

"Kó sọ̀kalẹ̀ lórí katapílà mi. Kó máa lọ sí Vardø. Ààtàn kékeré kan wà lọ́hùn-ún tó ń wá ẹni tí yóò máa fi ṣọ́bìrì bò ó."

Ragnfrid gbé ojú kúrò lára bàtà rẹ̀. Vardø! Ìpẹ̀kun àríwá, níbi tí òòrùn kì í ti í yọ rárá tó bá di oṣù Kejìlá. Ọkọ̀ òfuurufú méjì lèèyàn ń wọ̀ kó tó débẹ̀. Ọdún mẹ́ta gbáko lòun àti Tarjei ti ń jẹun lórí tábìlì kan náà níbi iṣẹ́, ọdún mẹ́ta gbáko sì ni Tarjei fi ń tọ́ka sí iyọ̀ tó bá fẹ́ iyọ̀. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló bá a sọ̀rọ̀. Ó ní, "Òjò ń rọ̀." Lọ́jọ́ yẹn, òjò ọ̀hún ń rọ̀ sórí àwọn méjèèjì ni o. Síbẹ̀ Ragnfrid gbé ọ̀rọ̀ náà délé, ó gbé e sùn.

"Tarjei, dìde," ni Báálẹ̀ wí. "Òótọ́ ni?"

Tarjei dìde, orí rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan gílóòbù. Ó ya ẹnu, ó pa á dé, ó tún yà á.

"Sọ̀rọ̀! Àbí kí n na ìdí ẹ kí ohùn lè jáde? Ọjọ́ tí wọ́n bí ẹ náà, bí mo ṣe ṣe é nìyẹn."

Ilé bú sẹ́rìn-ín.

"Mà... kì í ṣe èmi ni mo kọ ọ́," ni Tarjei wí. "Àwọn ẹyẹ ni."

"Àwọn ta ni?"

"Ẹyẹ, mà. Wọ́n ti bà síbẹ̀ kí n tó dé. Mi ò lè da iyẹ̀pẹ̀ lé ohun ẹlẹ́mìí lórí. Ibi tí ẹyẹ ò sí ni mo bò."

"Àwọn ẹyẹ wá fúnra wọn to ara wọn sí Ragnfrid?"

"Ó ya èmi náà lẹ́nu, mà."

Anfinn gbé búrẹ́dì sílẹ̀. "Lẹ́tà ńlá ni wọ́n fi kọ ọ́ àbí kékeré?"

"Ńlá, sà."

"Ilé ìwé tí wọ́n lọ dára o."

"Irọ́ burúkú!" Embrik fò dìde. "Ìyá Báálẹ̀, ẹ pe Mikal! Mikal ló ń lé ẹyẹ fún wa!"

Mikal jáde síwájú, ó di fìlà rẹ̀ mú ní ọwọ́ méjèèjì. Ìbọn gáàsì ni wọ́n gbé lé e lọ́wọ́ lórí ààtàn; ìbọn náà ò lọ́ta, ariwo lásán ló ń pa kí ẹyẹ lè sá.

"Mikal, ṣé ẹyẹ máa ń wà lórí ààtàn nírọ̀lẹ́?"

"Rárá o, mà. Tó bá ti di ìrọ̀lẹ́, orí omi ni wọ́n ń lọ sùn. Nírọ̀lẹ́ Ọjọ́rú yẹn, mi ò rí ẹyẹ kan ṣoṣo."

"Ẹ ò gbọ́!" ni Embrik kígbe.

"Àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ ńkọ́?" ni Báálẹ̀ bi í.

"Mi ò rí ẹyẹ kan ṣoṣo."

"Ẹyẹ tí bọ́ọ̀sì dúró torí ẹ̀, Mikal?"

"Mà, tí mo bá ní mo rí i, ọ̀gá á ní kí ni mò ń ṣe níbẹ̀."

"Ṣé o yin ìbọn?"

"Ẹ̀ẹ̀mẹfà, mà."

"O yin ìbọn lẹ́ẹ̀mẹfà sí ẹyẹ tó ò rí?"

Ojú Mikal rẹ̀wẹ̀sì. "Wọ́n fò, mà. Wọ́n tún padà wá bà sórí lẹ́tà kan náà. Èyí tó dìde lórí ẹsẹ̀ F, orí ẹsẹ̀ F náà ló padà sí. Ọdún mọ́kànlá ni mo ti ń ṣiṣẹ́ yìí. Wọn ò rí mi fín báyìí rí."

Ẹlẹ́rìí kejì ni Solbjørg, obìnrin sìgbọnlẹ̀ tó ń wa ọkọ̀ akólẹ̀ láti àárín ìlú wá. Kò tíì dé iwájú tó ti ń nu ojú.

"Ìyá Báálẹ̀, mo rí i láti ojú ọ̀nà. Mo páàkì, mo sunkún. Ó ti tó ọdún méjìlélógún tí mo ti wà nílé ọkọ mi o, kò kọ orúkọ mi sára pépà tíṣù rí. Orúkọ yẹn wá gún régé, Tarjei tún wá ya àwòrán ọkàn ńlá kan sí ìparí ẹ̀!"

"Kò sí ọkàn níbẹ̀," ni Mikal wí.

"Ọkàn wà níbẹ̀! Ó ń mì pàápàá!"

"Àǹtí Solbjørg, ẹyẹ tó ń jà lé orí ẹja lórí lẹ rí."

"Ìfẹ́ náà nìyẹn! Kí ni ìwọ mọ̀ nípa ìfẹ́?"

"Ṣebí o kọ́kọ́ ní o ò rí ẹyẹ kankan? Ìgbà wo lo wá rí i tí wọ́n ń jà?" Báálẹ̀ ń bi Mikal.

"Ọkàn wà níbẹ̀, mo fi orí màmá mi búra!" ni Solbjørg tún wí.

"Mi ò ya ọkàn kankan!" ni Tarjei ké. "Mo fẹ́ yà á, iyẹ̀pẹ̀ ló tán!"

Embrik na ìka sí Tarjei.

Báálẹ̀ Halldis rọra da kọfí sínú ife. "Àwọn ẹyẹ ni iyẹ̀pẹ̀ tán mọ́ lọ́wọ́ ni, àbí ìwọ?"

Tarjei jókòó láì jẹ́ pé ẹnikẹ́ni ní kó jókòó.

"Ragnfrid," ni Báálẹ̀ wí, "dìde, ọmọ mi. Orúkọ ẹ ni wọ́n kọ. Báwo ló ṣe rí lójú ẹ?"

Ragnfrid dìde. Gbogbo orí yí padà sẹ́yìn, àfi orí ẹnì kan.

"Mi ò rí i, mà."

"Gbogbo Oslo rí i, ìwọ ò rí i?"

"Ẹ̀yìn òkè ló wà, mà. Iwájú òkè ni ilé ìwọ̀n mi kọjú sí."

Bẹ́ẹ̀ ló rí lóòótọ́. Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, ńṣe ni àwọn awakọ̀ ń gun orí òṣùwọ̀n tí wọ́n ń kí i ní "ẹ káàárọ̀ o, ìyàwó ẹyẹ," tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín lọ. Kò yé e. Nígbà tó máa fi rí àyè gun òkè lọ́sàn-án, Embrik ti bò ó pátápátá. Iyẹ̀pẹ̀ títẹ́jú ló bá. Ó dúró níbẹ̀ títí, afẹ́fẹ́ ń fẹ́ irun rẹ̀ bò ó lójú. Kò tíì sẹ́ni tó kọ orúkọ rẹ̀ sára nǹkan kan rí láyé yìí àfi sára fọ́ọ̀mù, èyí tí ẹnì kan wá kọ, wọ́n ti rì í mọ́lẹ̀.

Báálẹ̀ yíjú sí Tarjei. "O kọ̀wé ìfẹ́ sí obìnrin, o sì gbé e sí ẹ̀yìn rẹ̀?"

"Ibẹ̀ la ń dalẹ̀ sí lọ́sẹ̀ yẹn, mà. Ibi tí a bá ń dalẹ̀ sí nìkan ni mo lè bò."

"O ò lè dúró kó kan ọ̀dọ̀ rẹ̀?"

"Ó di oṣù Kẹwàá kó tó kan ibẹ̀, mà."

"Ẹnu ẹ tó wà lójú ẹ ńkọ́? Òun náà di oṣù Kẹwàá?"

Embrik pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan. "Ìyá Báálẹ̀, ó ti jẹ́wọ́. Ẹ jẹ́ kó máa lọ sí Vardø!"

"Tó bá ń lọ, èmi náà ń lọ," ni ohùn kan wí. Ó tó ìṣẹ́jú kan kí Ragnfrid tó mọ̀ pé ohùn òun ni. "Èmi náà jẹ̀bi, mà. Láràárọ̀, ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òṣùwọ̀n, Tarjei kì í gbà á. Orí òṣùwọ̀n ló máa ń rìn kọjá. Mo... mo máa ń wọ̀n ọ́n."

"O máa ń wọn kí ni?"

"Tarjei, mà. Láti ọdún mẹ́ta. Mo ń kọ ọ́ sílẹ̀."

Ó yọ ìwé kékeré kan nínú báàgì rẹ̀. Anfinn gbà á, ó wọ awò ojú, ó bẹ̀rẹ̀ sí kà á sókè. "Ọgọ́rin kílò. Ọgọ́rin. Ọgọ́rin. Ọgọ́rin. Ọgọ́... Ọmọ yìí kì í sanra, kì í rù?"

"Òṣùwọ̀n ọkọ̀ ni, sà. Ogún-ogún ló ń kà."

"Ọgọ́rùn-ún rèé!"

"Ọjọ́ tó gbé igi Kérésì wá ni, sà. Ẹ̀rù bà mí kí n tó gbójú sókè."

"Èyí tó o ya òdòdó sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ yìí ńkọ́?"

Ragnfrid wo ilẹ̀. "Ọjọ́ tó ní òjò ń rọ̀ ni."

Nígbà náà ni Tarjei yí orí padà. Ó wò ó. Solbjørg bú sẹ́kún gbaragada, Mikal náà fi fìlà nu imú.

"Irinṣẹ́ ààtàn!" ni Embrik ń pariwo. "Katapílà! Òṣùwọ̀n! Àwọn méjèèjì fi irinṣẹ́ ààtàn dá ìfẹ́!"

Báálẹ̀ mu kọfí rẹ̀ tán. Ó bá Anfinn sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́, ó sì kan tábìlì.

"Ẹ gbọ́ ìdájọ́. Tarjei, o jẹ̀bi, o fi ìdọ̀tí sílẹ̀ láìbò. O tún purọ́ mọ́ ẹyẹ, àwọn ẹyẹ ò sì lè wá síbí wá gbèjà ara wọn. Embrik ní kí n rán ẹ lọ sí Vardø. Mo kọ̀. Vardø ò léèyàn, odindi ọ̀sẹ̀ kan lèèyàn lè lò níbẹ̀ láì yanu. Ìyẹn kì í ṣe ìyà fún ẹ, ìsinmi ni. Ìyà tèmi le jù bẹ́ẹ̀. Láti ọ̀la, fún ọgbọ̀n ọjọ́, ilé ìwọ̀n Ragnfrid lo ti máa jẹun ọ̀sán. Wàá kọjú sí i. Wàá sì fi ẹnu ara ẹ sọ gbólóhùn ogún lóòjọ́, kí ẹnì kan má fi òjò tàbí yìnyín kún un. Ragnfrid, ìwọ tó o fẹ́ràn láti máa wọn nǹkan, ìwọ ni wàá máa kà á. O ò gbọdọ̀ bá a wá ọ̀rọ̀. Tó bá dákẹ́ kọjá ìṣẹ́jú méjì, kí Mikal yin ìbọn. Embrik, ìwọ tó o fẹjọ́ ìfẹ́ wá síbí, ìwọ ni wàá máa gbé kọfí wọn lọ."

Ojú Tarjei funfun bí ògiri. Ó kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀.

"Ìyá Báálẹ̀, ẹ ṣàánú mi. Ogún? Lóòjọ́? Ẹ dá a sí márùn-ún. Ẹ jẹ́ n lọ sí Vardø, mà, mo ní aṣọ òtútù!"

"Ìgbẹ́jọ́ ti parí," ni Báálẹ̀ wí. Ó ti ń dé fláàsì rẹ̀.

Ragnfrid ló kọ́kọ́ sọ̀kalẹ̀. Ó ti dé ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn nígbà tó gbọ́ ẹsẹ̀ wúwo kan tó ń bọ̀ lẹ́yìn, ẹsẹ̀ náà sì dúró. Kò wẹ̀yìn. Ó gbọ́ tí ẹnì kan fa èémí, tó sì tún fà á.

"Ragnfrid," ni Tarjei wí, ohùn rẹ̀ há bí ilẹ̀kùn tó ti pẹ́ tí wọn ò ṣí i, "ṣé Ìyá Báálẹ̀ á bínú tí mo bá bẹ̀rẹ̀ ìyà mi láti òní?"

Ragnfrid na ìka kan sókè, kò tíì lè yíjú padà torí ẹ̀rín àti omi tó wà lójú rẹ̀.

"Ó ku mọ́kàndínlógún," ló wí.