Ọ̀rọ̀ Tó Kọ̀ Tí Kò Parẹ́ ní Bódìjà

Bí mo bá gbàgbé orúkọ ara mi lọ́la, ọjọ́ tí mo lọ fojú han àwọn òbí Yétúndé ní Bódìjà kò ní kúrò lọ́kàn mi. Mo ti gbìyànjú láti gbàgbé rẹ̀ o. Àwọn àna mi ni kò gbà.

Agbowó ni mò ń gbé nígbà náà, mò ń kẹ́kọ̀ọ́ gboyè kejì nínú ìmọ̀ kọ̀ǹpútà. Iṣẹ́ tí mo gbájú mọ́ ni bí a ṣe ń di ọ̀rọ̀ kí ó lè dé ibi tó ń lọ láìfarapa, bí ọ̀nà tilẹ̀ burú. Kò le rárá. Bí ará Ìbàdàn bá ń júwe ilé fún ọ, á ní ó wà lẹ́yìn ilé epo, á ní ó dojú kọ ṣọ́ọ̀ṣì, á tún ní géètì rẹ̀ pupa. Bí wọ́n bá ti wó ṣọ́ọ̀ṣì, tí wọ́n sì ti kun géètì, ilé epo á ṣì mú ọ débẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni àmì onígun mẹ́rin dúdú-funfun tí a máa ń fi fóònù kà. Àfikún wà nínú rẹ̀ tó máa ń tún èyí tó bá bàjẹ́ ṣe.

Yétúndé ti kìlọ̀ fún mi pé bàbá òun, òṣìṣẹ́ ìjọba tó ti fẹ̀yìn tì, kò gbà pé iṣẹ́ gidi ni mò ń ṣe. Bí wọ́n bá sì kọ̀, a jẹ́ pé ìgbéyàwó wa ti forí ṣánpọ́n nìyẹn. Mo wá dá ọgbọ́n. Mo kọ ọ́ pé, "Ẹ kú ilé, sà. Ọmọ yín ni mo wá tọrọ," mo sọ ọ́ di àmì, mo sì ní kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ sórí páálí funfun. Ó yẹ kí n dúró síbẹ̀. Ẹnu mi kì í dúró. Mo tún tẹ òmíràn fún Kúnlé, ọ̀rẹ́ mi tí a jọ ń gbé yàrá: "Mò ń lọ rí baba ahun Bódìjà. Bí mo bá rí mínírà mu bọ̀, wá bá mi dúpẹ́." Yétúndé ló kúkú fẹnu ara rẹ̀ sọ fún mi pé ahun ni bàbá òun. Ojú lásán kò lè mọ ìyàtọ̀ páálí méjèèjì. Mo fi ọ̀kan sórí bẹ́ẹ̀dì Kúnlé, mo ki èkejì bọ àpò.

Nígbà tí mo dé Bódìjà, àwọn òbí Yétúndé gbà mí tọwọ́tẹsẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Mọ́mì gbé ìgò mínírà kan wá, Dádì sì rọra pín in sí kọ́ọ̀bù méjì fún èmi àti Yétúndé, bí ẹni ń wọn oògùn ikọ́. Lẹ́yìn náà ni Dádì béèrè irú iṣẹ́ tí mò ń ṣe gan-an tí mo fi fẹ́ bọ́ ìyàwó. Ohun tí mò ń retí nìyẹn. Mo gbé páálí kalẹ̀, mo ní kí wọ́n bà á jẹ́ bó ṣe wù wọ́n, fóònù á ṣì kà á. Wọ́n fa bírò yọ, wọ́n sì fi ilà gbọọrọ kan la àárín rẹ̀ kọjá. Mo rẹ́rìn-ín bí ọ̀jọ̀gbọ́n, mo mú fóònù mi jáde.

Àtẹ̀jíṣẹ́ Kúnlé ló kọ́kọ́ yọjú: "Ọ̀gbẹ́ni, èmi lo ń kí ní 'ẹ kú ilé, sà'? Mi ò tíì bímọ o. Ta lo wá tọrọ?"

Páálí Kúnlé ló wà níwájú Dádì. Mo yára ti fóònù padà sápò, mo ní bátìrì ti kú. Mo mọ iṣẹ́ mi dáadáa, mo mọ̀ pé ilà bírò kan kò tó nǹkan lára páálí yẹn. N kò gbàdúrà rí kí ohun tí mo kọ́ nílé ìwé má ṣiṣẹ́, àfi lọ́jọ́ náà. Mo bẹ Dádì pé kí wọ́n tún bà á jẹ́ díẹ̀ sí i. Wọ́n ní ó tó. Mo bá ṣe bí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ṣèèṣì, mo da kọ́ọ̀bù mínírà mi sí i lórí. Dádì wo mínírà tó ń ṣàn lọ sílẹ̀ tàánútàánú. Mọ́mì sáré mú aṣọ wá, wọ́n nu páálí náà títí ó fi mọ́, wọ́n ń fi mí lọ́kàn balẹ̀ pé kí n má bẹ̀rù, kò ní bàjẹ́.

Ó wá ku ọgbọ́n kan. Àpótí ńlá mẹ́ta tó wà ní igun àmì náà ni fóònù fi ń dá a mọ̀, àfikún inú rẹ̀ kò sì dáàbò bò wọ́n. Bí mo bá ya igun kan péré, ó parí. Mo nawọ́ sí i, ṣùgbọ́n Dádì ti gbé e kúrò níwájú mi.

"Má fìyà jẹ iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ," wọ́n ní.

Yétúndé rò pé ìbẹ̀rù ló ń dà mí láàmú. Ó fẹ́ gbà mí sílẹ̀, ó bá fa fóònù tirẹ̀ yọ, ó fi ka àmì náà. Fóònù ọ̀hún kò tilẹ̀ ronú. Mo rí i bí ẹ̀rín ṣe kúrò lójú rẹ̀. Dádì gba fóònù náà, wọ́n wọ awò ojú wọn, wọ́n sì kà á sókè kedere, bí ẹni ń ka ìkéde ní ṣọ́ọ̀ṣì. Lẹ́tà kan kò yingin.

Mo tún dọ̀bálẹ̀, inú mínírà tí mo dà nù ni mo dọ̀bálẹ̀ sí.

"Ta ló sọ fún ọ pé ahun ni mí?"

Mo wo Yétúndé láti ilẹ̀. Yétúndé wo ìyá rẹ̀. Mọ́mì ń nu tábìlì tó ti gbẹ.

"Èmi ni mo sọ fún ọmọ mi," wọ́n ní níkẹyìn. "Ṣé irọ́ ni?"

Dádì yí páálí náà síwá sẹ́yìn. "Ó kúrò lẹ́nu ìyàwó mi, ó gba etí ọmọ mi, ó dọ́wọ́ rẹ, ó fara da bírò, ó fara da mínírà. Bí mo ṣe ń gbọ́ ọ nínú ilé yìí náà ló ṣe dé." Èjìká wọn bẹ̀rẹ̀ sí í mì, ẹ̀rín sì bú jáde. "Iṣẹ́ gidi ni. Dìde."

Wọ́n ní kí Mọ́mì gbé odidi ìgò kan fún èmi nìkan. Wọ́n sì fún mi ní Yétúndé.

Àwọn àgbà ní ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Èmi bẹ tèmi kó fọ́, ó yarí. Ìmọ̀ wa lè tún ohun tí ọ̀nà bà jẹ́ ṣe, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó lè tún ohun tí ẹni tó rán an bà jẹ́ ṣe. Mò ń fi ara mi rẹ́rìn-ín báyìí, ṣùgbọ́n kí n tó fi ohunkóhun ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni, mo kọ́kọ́ máa ń bi ara mi léèrè bóyá mo fẹ́ kó dé lóòótọ́.