Ẹni Tó Bá Dí Ọ̀nà

Ẹjọ́ kan wọ ààfin Baálẹ̀ Adéyẹ́misí lẹ́yìn Mowe lọ́sẹ̀ tó kọjá, baba náà kò sì tí ì múra sílẹ̀. Ìjọba ló ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ̀wé pé, kí onílẹ̀ àti àlejò lè rẹ́, kí àwọn baálẹ̀ máa fi òfin àwọn baba ńlá wa parí ìjà. Tayọ̀tayọ̀ ni Baálẹ̀ fi gba ìwé náà. Ohun tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni ni pé òun kò rántí òfin kan ṣoṣo.

Ìyá Sùwéébátù, ọmọ bíbí ilẹ̀ náà, ló pẹjọ́.

"Baálẹ̀, ọ̀gbẹ́ni yìí kọ́lé sórí ọ̀nà ibojì ìyá mi, ó tún mọ fẹ́ǹsì. Ọdún méjì rèé, n ò fojú kan ibẹ̀."

Máyọ̀kún, tó kó wá láti Èkó, dọ̀bálẹ̀ kó tó fèsì.

"Ẹ̀yin bàbá, mo gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta lórí ilẹ̀ yẹn kí n tó ra búlọ́ọ̀kù. Ọlọ́run ò fi ọ̀nà kankan hàn mí."

"Ojú rẹ ńkọ́?" ni Baálẹ̀ bi í.

"Mo dijú ni, bàbá. Àdúrà ni."

Wọ́n pe Àbúbákr, bíríkìlà tó kọ́lé náà, láti jẹ́rìí fún un.

"Kò sí ọ̀nà níbẹ̀ rárá, Baálẹ̀."

"Ibo lẹ gbé yanrìn gbà débẹ̀?"

"Ọ̀nà yẹn náà ni."

"Ṣé ó fẹ̀?"

"Ó fẹ̀ dáadáa. Típà gan-an gbà á."

Baálẹ̀ yíjú sí àwọn olóyè. "Kí ni òfin wa wí?"

Ọ̀kan ń wo àjà. Èkejì ní ó jọ pé adìyẹ kan wà nínú òfin náà. Òógùn bo Baálẹ̀.

"Ẹni tó bá dí ọ̀nà, òun ni yóò di ọ̀nà," ni Ìyá Sùwéébátù wí jẹ́ẹ́. "Bẹ́ẹ̀ ni ìyá mi ṣe kọ́ mi."

Máyọ̀kún fò dìde. "Ẹ̀yin bàbá, ṣé ẹni tó pẹjọ́ ló tún máa sọ òfin ni?"

"Ìwọ mọ òmíràn?" ni Baálẹ̀ bi í.

Máyọ̀kún padà jókòó.

"Ó kù," ni ìyá náà wí. "Ẹni tó bá ń tọ ọ̀nà ni yóò máa gbá a."

Nígbà tí Baálẹ̀ rí i pé òfin náà kò dá ìyá fúnra rẹ̀ sí, ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Ó dájọ́.

"Máyọ̀kún, láti ọ̀la, pálọ̀ rẹ di ọ̀nà. Ṣílẹ̀kùn iwájú, ṣí ti ẹ̀yìn, láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́. Ìyá, ẹ ó máa gbá pálọ̀ náà."

Lọ́jọ́ kìíní, Ìyá Sùwéébátù bá Máyọ̀kún àti ìyàwó rẹ̀ nídìí búrẹ́dì àárọ̀. Ó kí wọn, ó gbálẹ̀, ó kọjá. Lọ́jọ́ kejì, mọ́kànlá nínú ẹbí rẹ̀ tẹ̀lé e, pẹ̀lú ewúrẹ́ kan tí ẹnikẹ́ni kò pè. Lọ́jọ́ kẹta, ìyàwó Máyọ̀kún béèrè orúkọ ẹni tí ìyá náà ń lọ kí, ó wọ sálúbàtà, ó sì sìn ín débẹ̀. Lọ́jọ́ kẹrin, Máyọ̀kún fúnra rẹ̀ gbé òòlù, ó ké sí Àbúbákr, wọ́n wó fẹ́ǹsì ẹ̀gbẹ́ ilé, ọ̀nà sì là.

Ìyá Sùwéébátù wá dúpẹ́ lọ́wọ́ Baálẹ̀. Baálẹ̀ fún un ní àga, ó tilẹ̀kùn, ó yọ bíìrò.

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, òfin wo ló tún kù?"