Ìlà Pupa Abẹ́ Ọ̀rọ̀ Kábíyèsí

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí lára ògiri tí mo lẹ̀ ẹ́ mọ́, ẹ kọ́kọ́ wẹ̀yìn wò ná. Ẹ má rẹ́rìn-ín síta. Wọ́n ń ṣọ́ wa. Bí mo ṣe ké e nígboro gẹ́lẹ́ ni mo ṣe kọ ọ́ síbí.

Ẹ gbọ́ o! Ẹ gbọ́ o! Ará Agbáran! Èmi Ládiípọ̀ akéde ni. Wọ́n rán mi ni o. Wọ́n rán mi ni!

Ẹ mọ̀ pé ìlú wa ń ṣe wẹ́bsáìtì. Mosúnmọ́lá, ọmọ bíbí inú mi, ló ń kọ kóòdù rẹ̀. Irinṣẹ́ kan wà nínú kọ̀ǹpútà rẹ̀ tó máa ń fa ìlà pupa síbi tí àṣìṣe bá wà. Kábíyèsí wá wò ó. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n fẹnu ara wọn sọ ni ọmọ mi kọ síbẹ̀: "Omi ẹ̀rọ ń yọ ní gbogbo àdúgbò Agbáran." Àfi gbàà, ìlà pupa yọ lábẹ́ rẹ̀! Ìlà pupa! Ọmọ mi ní àmì ìparí kóòdù kan ṣoṣo ni òun gbàgbé sí ìdí gbólóhùn náà. Ààfin ní irọ́ ni. Wọ́n ní irinṣẹ́ náà ń pe ọba ní òpùrọ́ ni.

Àṣẹ ti dé o!

Èkíní: kọ̀ǹpútà kankan kò gbọdọ̀ fa ìlà sábẹ́ ọ̀rọ̀ ọba. Èyí tó bá fà á, àtòun àti ẹni tó ni ín ni wọn ó tì mọ́lé.

Èkejì: irinṣẹ́ náà tún máa ń gbé ọ̀rọ̀ tó kàn jáde kí èèyàn tó tẹ̀ ẹ́ tán. Ta ní ń já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu ọba? Bí Kábíyèsí bá wọlé, kí wọ́n da ojú kọ̀ǹpútà dé ilẹ̀, kó dọ̀bálẹ̀. Ẹni tó bá béèrè bí a ó ṣe wá rí i kà, yóò gbá àgbàlá ààfin fóṣù mẹ́ta.

Ẹ̀kẹta: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi ohunkóhun kún ọ̀rọ̀ ọba. Àmì ìparí náà ńkọ́? Kò gbọdọ̀! Kò gbọdọ̀!

Ẹ̀kẹrin: kí ìlà pupa náà ti lọ kó tó di ọjọ́ Ẹtì. Bí kò bá lọ, Mosúnmọ́lá ni yóò lọ. Yóò kúrò ní Agbáran, kò sì ní padà.

Mo bi wọ́n láàfin pé báwo lèèyàn ṣe ń tún nǹkan ṣe láìfọwọ́ kàn án. Rárá o. Mi ò bi wọ́n. Ẹ gbàgbé ìyẹn.

Bí wọ́n ṣe gbé e lé mi lórí ni mo ṣe sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Etí tó gbà á, kó gbé e dé ilé kejì.

Ẹ̀yin tí ẹ ti to garawa sídìí ẹ̀rọ omi àdúgbò wa ní Òkè-Ìta láti àárọ̀, mo rí i bí ẹ ṣe ń wò mí. Kẹ́ẹ̀gì òfìfo méjì ló wà lọ́wọ́ mi lóòótọ́. Ọ̀nà odò ni mo kọjú sí lóòótọ́. Ẹ má bi mí ohun tí mo ń lọ pọn. Mo ti dákẹ́.