Ìlà Tó Ń Gòkè

Bí ẹ bá pàdé Tíṣà Fákúnlé lọ́nà Ìrẹmọ, ẹ má kí i ní "ẹ káàárọ̀" lásán. Ẹ kì í: Baba Gíráàfù, A-yàlà-bí-ẹni-ń-ya-máàpù, Akọ́mọ-má-lólódo! Bí ẹ ò bá kì í, á ki ara rẹ̀, ẹ ó sì dúró gbọ́ ọ tán.

Lọ́dún 1994, wọ́n pe àwọn olùkọ́ sí ìdálẹ́kọ̀ọ́ kan. Wọ́n ní kí wọ́n máa wo máàkì àwọn ọmọ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí wọ́n fi mọ ibi tí ọmọ ti kọsẹ̀, kí wọ́n sì padà síbẹ̀ lọ kọ́ ọ. Tíṣà gbọ́ apá kìíní. Oorun gbé e lọ ní apá kejì. Ohun tó mú bọ̀ ni kádíbọ́ọ̀dù ńlá tó fi ya gíráàfù máàkì kíláàsì rẹ̀, tó sì lẹ̀ mọ́ ògiri. Gbogbo ọjọ́ Ẹtì tí wọ́n bá ṣe ìdánwò ni ìlà pupa orí rẹ̀ ń lọ sókè bí ẹni ń gun ọ̀pẹ.

Kí ló ń wá? Ipò ọ̀gá ilé ìwé kan ṣí sílẹ̀ ní Ìpetumodù. Ó ti rán kóòtù dè é.

"Dátà ni, èsì tó ṣeé fojú rí," ó máa ń wí fún Mojíre, olùkọ́ kíláàsì kejì. "Ìwọ ṣì ń jókòó ti àwọn olódo lẹ́yìn tí agogo bá ti lù."

"Mo ń wá ibi tí wọ́n ti ṣìnà ni, sà."

"Ẹni tó ń gun òkè kì í ru ọlọ."

Ohun kan wá ń ya àwa òbí lẹ́nu. Bí ìlà yẹn ṣe ń gòkè, bẹ́ẹ̀ ni pápá ilé ìwé ń mọ́ sí i. Kò sí pápá tó mọ́ tó o títí dé Ẹnuwá.

Lọ́jọ́ Ẹtì kan, alábẹ̀wò ètò ẹ̀kọ́ dé, wọ́n sì pe àwa òbí wá wòran. Tíṣà gbé kóòtù wọ̀ nínú ooru, ó na ọ̀pá sí ìlà rẹ̀.

"Ẹ wò ó, sà. Kò sí olódo ní kíláàsì mi mọ́."

Alábẹ̀wò mi orí, ó wo ìta lójú fèrèsé. "Pápá yín náà mọ́. Ta ló ń gé koríko rẹ̀?"

Kí Tíṣà tó lanu, ìyá kan, Àníkẹ́, ti dìde. "Ọmọ mi ni, sà, àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Gbogbo ọjọ́ Ẹtì ni Tíṣà ń ní kí wọ́n mú àdá wá. Mo rò pé iṣẹ́ ọ̀gbìn ni wọ́n ń kọ́ wọn."

"Lọ́jọ́ ìdánwò?"

"Àwọn tó mọ̀wé ló ń ṣe ìdánwò, sà."

Alábẹ̀wò ní kí wọ́n pe àwọn agékoríko wọlé. Wọ́n wọlé, wọn ò tán bọ̀rọ̀, àdá lọ́wọ́, òógùn lójú. Wọ́n pọ̀ ju àwọn tó jókòó lọ. A kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, àfìgbà tí mo rí bí wọ́n ṣe dúró sẹ́bàá ògiri bí àlejò nínú kíláàsì ara wọn. Inú bí mi gidigidi.

"Tíṣà," alábẹ̀wò ní, "àwọn tí máàkì wọn lọ sílẹ̀ la ní kẹ́ ẹ wá rí. Ẹ rí wọn lóòótọ́, ẹ wá kó wọn sínú koríko."

Àníkẹ́ gba àdá lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó gbé e sórí tábìlì Tíṣà.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà, ọmọ mi fẹ́ ṣe ìdánwò. Koríko ṣì kù lẹ́yìn ilé ìgbẹ́."

Tíṣà wo alábẹ̀wò, alábẹ̀wò ń wo àdá. Mojíre, tó wá wòran pẹ̀lú wa, ti ń wá àyè ìjókòó fún àwọn ọmọ. Nígbà tó yá, Baba Gíráàfù bọ́ kóòtù Ìpetumodù, ó fi kọ́ ẹ̀yìn àga, ó sì mú àdá.