Ọjọ́ Tí Ọlábánjí Kó Ìjọ Lọ Jẹun Nínú Igbó

Kò sí ohun tí Ọlábánjí kò mọ̀. Ẹ má bá mi jiyàn, òun fúnra rẹ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá dárúkọ ọkọ̀ òkun, ó ti wọ̀ ọ́ rí. Bí ẹ bá dárúkọ ejò, ó ti pa á rí. Bí ẹ bá ní ẹ̀yìn ń dun yín, tirẹ̀ ti dùn ún ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì ti wo ara rẹ̀ sàn. Akọ̀wé ni ní Wharf Road, níbi tó jẹ́ pé bébà nìkan ló ń fọwọ́ kàn láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Àmọ́ bó bá ti délé sí Ajégúnlẹ̀, ẹ ó rò pé òun nìkan ló fi orí ru gbogbo ẹrù tó wà ní èbúté.

Wàhálà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Sunday kan nínú oṣù Ọ́gọ́ọ̀sì, ọdún díẹ̀ lẹ́yìn òmìnira. Bàbá Kọ̀yà, alàgbà ìjọ tó ń ṣiṣẹ́ ní Warehouse Road, dúró níwájú ṣọ́ọ̀ṣì, ó ń kédàárò pé àwọn ọmọ Èkó kò mọ̀ ju búrẹ́dì àti sadín-ìn inú agolo lọ. Ó ní nígbà tí òun wà lọ́mọdé, inú igbó lòun ti ń jẹun àárọ̀.

"Ẹ fi sílẹ̀ fún mi, sà!" Ọlábánjí ti fò síwájú. "Inú igbó ni wọ́n bí mi sí! Èso ibẹ̀, ewé ibẹ̀, kò sí èyí tí n kò jẹ rí. Lọ́jọ́ Sátidé, màá kó gbogbo ìdílé ìjọ yìí rìn nínú igbó ẹ̀yìn Ajégúnlẹ̀, tọmọ tìyá. Bí a ṣe ń lọ la ó máa tọ́ ọ wò."

Inú igbó kẹ̀! Èbúté Mẹ́ta ni wọ́n bí ọkùnrin yìí sí, nínú ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Igbó tó mọ̀ jù láyé rẹ̀ ni koríko ẹ̀gbẹ́ rélùwéè. Àmọ́ ẹ jẹ́ n sọ ohun tó dé sí i fún yín. Morádéún, ọmọ Bàbá Kọ̀yà, ló dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá rẹ̀, Ọlábánjí sì fẹ́ràn ọmọ náà débi pé bó bá rí i lójú títì, ó máa ń gbàgbé ibi tó ń lọ. Ìyẹn nìkan ni kì í ṣe irọ́ nínú ayé rẹ̀.

Bàbá Kọ̀yà wò ó látòkè délẹ̀. "Ọlábánjí, mo ti gbọ́ pé o fẹ́ fẹ́ ọmọ mi. Èmi ò wá olówó. Onírọ́ ni n kò fẹ́ nílé mi. Bí o bá mọ igbó bí o ṣe wí yìí, kí àwọn òbí rẹ máa bọ̀ wá tọrọ ọmọ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Bí o kò bá mọ̀ ọ́n, a jọ máa mọ̀."

"Ó parí, sà!"

Kò parí o. Láti ọjọ́ náà ni oúnjẹ kò ti lọ lọ́nà ọ̀fun rẹ̀ mọ́. Nígbà tó di ọjọ́ Fúráìdé, ọgbọ́n kan sọ sí i lọ́kàn. Ó lọ sọ́jà, ó ra ẹ̀fọ́ ebòlò, ó ra awùsá. Ṣebí inú igbó náà ni wọ́n ti ń wá? Kí ilẹ̀ Sátidé tó mọ́ dáadáa, ó ti kó wọn wọgbó. Ó ri ẹ̀fọ́ mọ́lẹ̀, ó da awùsá sábẹ́ igi ńlá kan, ó sì ń súfèé padà wálé.

Ẹ wò ó nígbà tí ìjọ pé! Ó wọ bàtà òjò tó dé orókùn, ó so fèrè ọlọ́pàá mọ́ ọrùn, ó gbé àdá tuntun tí bébà ilé ìtajà ṣì lẹ̀ mọ́ lára. Àwọn ìyá pọn ọmọ, àwọn bàbá gbé agbọ̀n. Tonbra tó ń ta ẹja ní Ajégúnlẹ̀ kó ẹja wá kí wọ́n lè sun ún tí wọ́n bá jókòó. Fèrè dún, wọ́n wọgbó.

"Ẹ dúró!" Ọlábánjí gbé imú sókè. "Ẹ̀yin kò gbóòórùn nǹkan? Ebòlò ni! Ó wà lápá ọ̀tún."

Wọ́n yà sọ́tùn-ún. Lóòótọ́, ebòlò wà níbẹ̀. Ó tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́, ìdì ìdì, okùn ìko tí àwọn ọlọ́jà fi dì í ṣì wà nídìí ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Tonbra bẹ̀rẹ̀ wò ó. "Ah-ah! Brọ̀dá Bánjí, na who tie dis one? Abi na so bush dey sell am?"

"Irú rẹ̀ nìyẹn," ni Ọlábánjí fèsì. "Atẹ́gùn ọ̀sà ló máa ń dì í bẹ́ẹ̀."

Ọmọ kan fa ọ̀kan, ó sì yọ wọ́ọ́. "Kò ní gbòǹgbò!"

"Ìyẹn ni kì í jẹ́ kó pẹ́ lórí iná. Ó yá, ẹ jẹ́ ká máa lọ!"

Òógùn ti ń bo ọkùnrin náà. Kò jẹ́ wo ojú Morádéún. Ó sáré dé ìdí igi ńlá, ó na ọwọ́ sí awùsá tó wà nílẹ̀ bí ẹni ń fi ààfin han àlejò. "Ẹ wo igi awùsá, ẹ wo bó ṣe ń so!"

"Igi wo?" Ìyá Morádéún la ẹnu. "Igi máńgòrò nìyí. Ṣé kì í ṣe pé awùsá máa ń fà mọ́ igi ni?" Ó pa ọ̀kan, ó jù ú sẹ́nu, ó jẹ ẹ́. Lẹ́yìn náà ló kígbe: "Yéè! Ó ti jinná! Iyọ̀ sì wà níbẹ̀!"

"Oòrùn, mà," ni Ọlábánjí wí. "Oòrùn Ajégúnlẹ̀ le."

"Oòrùn ló fi iyọ̀ sí i?"

Ẹ̀rín ti mú àwọn kan jókòó sílẹ̀. Bàbá Kọ̀yà nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ igbó, ó já èso pupa kéékèèké kan bọ̀. "Ọlábánjí, èyí ńkọ́?"

Ọlábánjí kò fi èyí síbẹ̀! "Haa, èyí? Òun ni mo fi dàgbà, sà."

"Kí lorúkọ rẹ̀?"

"Orúkọ rẹ̀ pọ̀, sà. Ìlú kọ̀ọ̀kan ló ní bí wọ́n ṣe ń pè é."

"Ó dáa. Jẹ ẹ́."

Ẹ̀yin tí ẹ bá ti dé oko rí, ẹ ti mọ̀ ọ́n. Agbáyun ni. Ẹni tó bá jẹ ẹ́, kò sí ohun kíkan tó máa kan lẹ́nu rẹ̀ mọ́ fún ìgbà pípẹ́. Dídùn ni gbogbo rẹ̀ yóò máa dùn. Àwọn àgbà ìjọ mọ̀, wọ́n sì pa ẹnu mọ́ pátápátá. Ọlábánjí jẹ ẹ́, ó pọ́n ètè lá, ó ní bó ṣe máa ń rí nìyẹn.

"Di ojú," ni Bàbá Kọ̀yà wí. "Ẹni tó mọ igbó, ahọ́n rẹ̀ tó o láti fi dá èso mọ̀ láìwò ó." Ó ṣa ìyeyè kan tí kò tíì pọ́n nílẹ̀, ó nù ún, ó fi sí i lẹ́nu. Èyí tó kan débi pé ewúrẹ́ gan-an á rò ó lẹ́ẹ̀mejì!

Ojú Ọlábánjí tàn. "Máńgòrò ni, sà! Ó pọ́n dáadáa!"

Bàbá Kọ̀yà na ọwọ́ sí agbọ̀n Tonbra, ó mú ọsàn wẹ́wẹ́ tó fẹ́ fi fọ ẹja, ó là á sí méjì. Ọlábánjí fa omi rẹ̀ títí ó fi gbẹ. "Ọsàn Agége! Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé ó kù?"

Gbogbo igbó hó gèè. Ó lajú, ó rí ìdajì ọsàn wẹ́wẹ́ lọ́wọ́ bàbá, ó rí Morádéún tó di igi mú, tó ń fi gèlè nu omi ojú. Ẹ̀rín ọmọ yẹn ló dùn ún jù.

Síbẹ̀, ọkùnrin náà kò mọ ìgbà tí wọ́n ń dákẹ́. Ó tún fìlà ṣe, ó súnmọ́ Bàbá Kọ̀yà. "Sà, mo mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀, mo kàn ní kí n pa yín lẹ́rìn-ín ni. Àwọn òbí mi ńkọ́? Ṣé kí wọ́n máa bọ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀?"

Bàbá Kọ̀yà gbé ọwọ́ lé e léjìká jẹ́jẹ́.

"Máa lọ sílé ná, ọmọ mi. Èsì tí mo ní fún ọ kan gan-an, n kò sì fẹ́ kó lọ máa dùn mọ́ ọ lẹ́nu."