Ajá Tó Ń Mú Búrẹ́dì Wú

Ẹjọ́ tó dé ààfin lánàá, ẹsẹ̀ mẹ́rin ló fi wọlé, ìrù ló sì fi kí Kábíyèsí. Ajá Bàbá Aláago ni. Jẹ́jẹ́ lorúkọ rẹ̀. Bàbá Aláago alára ń bọ̀ lẹ́yìn, ó di okùn rẹ̀ mú bí ẹni di ọwọ́ ọmọ mú lójú títì.

Ogójì ọdún ni bàbá yìí ti ń tún aago ṣe. Bó bá ti ki awò kékeré bọ ojú ọ̀tún, tó dorí kọ eyín aago, ilé lè wó kó má mọ̀. Ajá yìí ló ń bá a wo ẹnu ọ̀nà. Bí oníbàárà bá wọlé, á fi ẹnu fa ṣòkòtò bàbá lẹ́ẹ̀kan. Bó bá jẹ́ ẹni tí wọn ò mọ̀ rí, á fà á lẹ́ẹ̀mejì. Oníbúrẹ́dì, tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti bàbá, ti wá ń sọ kiri pé kí wọ́n lé ajá náà kúrò ládùúgbò. Bí wọ́n bá lé e, iṣẹ́ bàbá parí nìyẹn. Àyà rẹ̀ ń lù kìkì bí aago tí wọ́n yí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ jù.

"Ta ló pe ta lẹ́jọ́?" Kábíyèsí béèrè.

"Èmi ni mo pe Oníbúrẹ́dì, Kábíyèsí."

"Èmi náà ni mo pe ajá," Oníbúrẹ́dì dáhùn. Ìyẹ̀fun ṣì funfun ní irùngbọ̀n rẹ̀.

"Ẹni tó kọ́kọ́ dé ni kó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Bàbá Aláago, kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Kábíyèsí, lọ́jọ́ Ajé tó kọjá, mo ń tún aago ògiri kan ṣe. Mo rò pé ajá ń fa ṣòkòtò mi. Ìgbà tí mo wolẹ̀, kò fà á. Ó fara tì í ni, kó má baà ṣubú. Ó dìde, ó ṣubú. Ó gbó ògiri. Inú rẹ̀ le, ó wú bíi bọ́ọ̀lù tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ atẹ́gùn sí. Mo gbóòórùn ẹnu rẹ̀. Ọtí ni."

"Ajá mutí?"

"Kò mutí, Kábíyèsí. Ó pọntí ni. Nínú ikùn ara rẹ̀."

Ìjòyè Ọ̀tún rẹ́rìn-ín títí ó fi di orí mú. "Ajá tó ń pọntí. Ṣé ó ń pe àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ wá mu ún ni?"

"Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé." Ojú bàbá ti tàn, nítorí kò sí ohun tó dùn mọ́ ọn tó kó máa sọ bí nǹkan ṣe ń ṣiṣẹ́. "Ìwúkàrà tí wọ́n ń pò mọ́ ìyẹ̀fun, ohun abẹ̀mí ni. Bó bá rí oúnjẹ, tó rí ibi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, á máa jẹun. Bó bá ti ń jẹun, á máa só. Atẹ́gùn yẹn ló ń mú búrẹ́dì wú."

"Ìsó ni mò ń jẹ láti ọjọ́ yìí?" Ìjòyè Òsì béèrè.

"Atẹ́gùn ni, ìjòyè. Ohun kejì tó ń ti ara rẹ̀ jáde ni ọtí. Nínú ààrò, iná á pa ìwúkàrà, ọtí á bá ooru lọ. Nínú ikùn ajá tó jẹ ìyẹ̀fun pípò, kò sí iná tó máa pa á. Á máa wú lọ ni, á máa pọntí lọ, ọtí á máa wọnú ẹ̀jẹ̀. Ikùn lè fẹ̀ títí kó lọ́ pọ̀. Bó bá lọ́ pọ̀, ajá á kú."

"Ta ló kọ́ ọ ní gbogbo èyí?"

"Mo ka ẹ̀yìn páálí ìwúkàrà, Kábíyèsí. Ìyókù, mo bi dókítà ẹran."

Kábíyèsí yíjú sí olùjẹ́jọ́. "Oníbúrẹ́dì, ìyẹ̀fun ta lajá jẹ?"

"Tèmi ni, Kábíyèsí. Òṣìṣẹ́ mi ló jí i jẹ."

"Òṣìṣẹ́ wo?"

Oníbúrẹ́dì na ìka sí Jẹ́jẹ́. Jẹ́jẹ́ ju ìrù.

"Ó ti pé oṣù méjì tó ti ń bá mi ṣiṣẹ́," Oníbúrẹ́dì ní. "Láràárọ̀ ló ń sùn sórí bẹ́ńṣì iwájú ṣọ́ọ̀bù bàbá. Mo fọwọ́ kàn án lọ́jọ́ kan, ara rẹ̀ gbóná, ó dáa. Mo gbé bàsíà ìyẹ̀fun pípò tì í níkùn. Kó tó pé wákàtí kan, ìyẹ̀fun ti kún dé etí. Mo ní, Olúwa ṣeun, ibi tí mo ti ń wá ooru kiri nìyí. Láti ọjọ́ náà, òun ló ń mú búrẹ́dì mi wú."

Kábíyèsí tẹ̀ síwájú díẹ̀díẹ̀.

"Dúró ná. Búrẹ́dì tí mo jẹ láàárọ̀ òní ńkọ́?"

"Ti òní kọ́, Kábíyèsí. Ajá ti ń sinmi láti ọjọ́ Ajé. Ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni tirẹ̀."

"Ikùn ajá ló mú un wú?"

"Ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún ikùn, Kábíyèsí. Ẹ̀gbẹ́ yẹn ló mọ́ jù. Tiyín nìkan ni mò ń gbé síbẹ̀."

Ìjòyè Òsì, tí búrẹ́dì kan ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, rọra tì í sábẹ́ ìjókòó.

"Ṣé o tọrọ àyè lọ́wọ́ Bàbá Aláago?"

"Ojú rẹ̀ wà nínú aago. Mo sọ fún ajá, kò sì kọ̀."

"Kí lò ń fún un?"

"Mo ń kí i. Láràárọ̀ ni mò ń kí i kú iṣẹ́. Ó wá di ọjọ́ Ajé, mo wọlé lọ yọ búrẹ́dì nínú ààrò, kí n tó jáde, bàsíà ti mọ́ tónítóní. Ìyẹ̀fun búrẹ́dì méjì odidi. Kábíyèsí, òṣìṣẹ́ tó bá ń jẹ ọjà, lílé là ń lé e. Kó kúrò ládùúgbò wa. Kí wọ́n sì dá ìyẹ̀fun mi padà."

Ara Bàbá Aláago ò gbà á mọ́. "O gbé oúnjẹ ti ajá tó ń sùn níkùn, o wá ní kó máa ṣọ́ ọ?"

"Mo faṣọ bò ó."

"Aṣọ kì í ṣe ìdérí."

"Fún ọmọlúàbí, aṣọ tó."

"Ajá ni, kì í ṣe ọmọlúàbí." Bí bàbá ti sọ ọ́ tán ni ọ̀rọ̀ náà dùn ún. Ó fọwọ́ pa Jẹ́jẹ́ lórí, ó rọra ní, "Má bínú."

Wọ́n pe ẹlẹ́rìí. Ìyá Aránṣọ ló kọ́kọ́ dìde, téèpù ìwọnṣọ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀.

"Gbogbo rẹ̀ ṣojú mi, Kábíyèsí. Aṣọ pupa ló fi bo bàsíà."

"Funfun ni," Tísà, aládùúgbò wọn, ké sí i láti ẹ̀yìn.

"Búlúù ni," Oníbúrẹ́dì ní. "Èmi ni mo ni ín."

"Ẹ fi aṣọ sílẹ̀. Kí lajá ń ṣe?"

"Ó ń jó, Kábíyèsí," ni Ìyá Aránṣọ wí. "Ó gbẹ́sẹ̀ ọ̀tún, ó gbé tòsì."

"Kò jó," Tísà ní. "Ó dojú kọ ògiri, ó ń ronú. Mo mọ ẹni tó bá ń ronú."

"Níbo lo ti ń rí wọn? Nínú kíláàsì rẹ?" Ìyá Aránṣọ bi í.

"Ẹ̀yin méjèèjì," Kábíyèsí gbóhùn sókè. "Nígbà tẹ́ ẹ rí i, kí lẹ ṣe?"

Ìyá Aránṣọ gbé àyà sókè. "Mo dóòlà ẹ̀mí rẹ̀ ni. Ẹni tí ọtí bá ń pa, kọfí ló ń là á lójú. Mo po kọfí dúdú fún un. Ó lá a lẹ́ẹ̀mejì."

Dókítà ẹran, obìnrin kan tó jókòó sí igun láìsọ̀rọ̀, wúkọ́.

"Èmi ò lè fún ajá ní kọfí láé," Tísà ní. "Ṣebí mo kàwé. Ṣokoléètì ni mo fún un, kó lè lókun."

Dókítà ẹran dìde dúró.

Ìyá Onílé tí gbogbo wọn ń gbé ilé rẹ̀ yọ síta. "Ẹ má dá wọn lóhùn, Kábíyèsí. Ọmọdé ń ṣe wọ́n. Èmi ni mo ṣe é bí àgbà. Ohun tí ilẹ̀ hù kì í pani. Àlùbọ́sà ni mo sè, mo fi omi rẹ̀ tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ fún un mu."

Dókítà ẹran tún jókòó, ó sì fọwọ́ bojú.

"Dókítà," ni Kábíyèsí wí, "ó dà bíi pé o lọ́rọ̀ sọ."

"Kábíyèsí, mo rò pé ìyẹ̀fun nìkan ni mò ń bá jà. Mo ti fi rọ́bà da omi tútù sí i nínú, nítorí ìwúkàrà kì í ṣiṣẹ́ nínú òtútù. Ìyẹ̀fun ń jáde, ọtí ń lọ, ọkàn ajá ò yéé sáré. Mò ń bi ara mi pé kí ni mo ṣe tí kò tọ́. Mi ò mọ̀ pé gbogbo àdúgbò ń bá mi tọ́jú rẹ̀."

"Ṣé àwọn nǹkan yìí burú ni?"

"Ọmọ ìyá kan náà ni kọfí àti ṣokoléètì. Ohun tó ń là wá lójú nínú wọn, ara tiwa tètè ń lé e jáde. Ara ajá kì í tètè lé e. Á máa lé ọkàn rẹ̀ káàkiri. Àlùbọ́sà, ì báà jẹ́ tútù, ì báà jẹ́ sísè, ẹ̀jẹ̀ ló ń bà jẹ́, kì í sì í hàn lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Àjàrà, tútù tàbí gbígbẹ, kíndìnrín ló ń wá. Egungun sísè á fọ́ sí wẹ́wẹ́ bí abẹ́rẹ́ nínú ìfun."

"Egungun náà?" Ìjòyè Ọ̀tún béèrè, ohùn rẹ̀ ti rẹlẹ̀.

"Ìjòyè, kí lẹ fún un?"

"Mi ò fún un ní nǹkan kan. Mo kàn ń béèrè ni."

Jẹ́jẹ́ dìde, ó lọ gbóòórùn àpò Ìjòyè Ọ̀tún, ó sì jókòó síwájú rẹ̀ bí ẹni tó ń retí ojúlùmọ̀. Gbogbo ààfin rí i.

"Ọpẹ́ ni pé díẹ̀díẹ̀ lẹ fún un," dókítà ní. "Àdúgbò yìí fẹ́ràn ajá dé ojú ikú."

Àánú ajá ṣe Kábíyèsí. Ó fi ètè pè é sọ́dọ̀, ó sì ki ọwọ́ bọ àpò. Etí Bàbá Aláago, tó ti mọ ohùn wáyà tó tín-ín-rín ju irun lọ, gbọ́ bí bébà ṣe dún. Ó wò, ó rí nǹkan funfun kékeré láàárín ìka ọba, ẹnu Jẹ́jẹ́ sì ti là sílẹ̀ dè é. Bàbá fò. Ó já a gbà. Kò mọ ibi tó máa gbé e sí, ó bá jù ú sẹ́nu ara rẹ̀.

"Ó já nǹkan gbà lọ́wọ́ ọba," Ìjòyè Ọ̀tún ní.

"Ó tún jẹ ẹ́," Ìjòyè Òsì ní.

Bàbá Aláago ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kan yọ gọngọ. "Kábíyèsí, ẹ foríjì mí. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ó ní ṣúgà?"

"Kò ní. Dókítà mi ní kí n má fi ṣúgà kan ẹnu mọ́. Adùn míì ni wọ́n fi ṣe é."

"Ó burú ju gbogbo ìyókù lọ," dókítà ẹran ní. "Adùn kan wà tí wọ́n ń fi rọ́pò ṣúgà nínú súìtì àti ṣingọ́ọ̀mù. Kì í ṣe èèyàn ní nǹkan. Bó bá dénú ajá, ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á já wálẹ̀ láàárín ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, á sì lè ba ẹ̀dọ̀ rẹ̀ jẹ́. Ì bá ṣubú síbí, Kábíyèsí, lórí ẹní yín. Mo sọ fún bàbá lọ́jọ́ Ajé, inú mi dùn pé kò gbàgbé."

Kábíyèsí wo ajá. Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀. "Ẹjọ́ rẹ̀ ni mò ń gbọ́ lọ́wọ́," ó ní, "mo sì fẹ́ pa á."

Lẹ́yìn náà ó jókòó dáadáa.

"Ẹ gbọ́ ìdájọ́. Ajá ò jẹ̀bi. A kì í bi ajá pé kí ló dé tó fi jẹun, ẹni tó gbé e síbẹ̀ là ń bi. Kò ní í kúrò ládùúgbò. Bàbá Aláago, dìde, mú ajá rẹ."

Bàbá dìde, ó di okùn ajá mú.

"Ṣùgbọ́n o ja ọba lólè. Ìjìyà rẹ nìyí: jẹ ẹ́ tán."

Bàbá run súìtì náà wómúwómú. Kò dùn.

"Oníbúrẹ́dì, o ní kí wọ́n dá ìyẹ̀fun rẹ padà. O jàre. Dókítà, ibo ló wà?"

"Ó wà lẹ́yìnkùlé mi, Kábíyèsí. Èyí tó gba ẹnu jáde wà lápá kan, èyí tó gba..."

"Ó tó. Oníbúrẹ́dì, gbé bàsíà, lọ kó o lọ́sàn-án gangan, kó o sì gbé e gba ojú títì délé. Má faṣọ bò ó. Ìkejì: o ní kí a lé òṣìṣẹ́ rẹ. A ti bá ọ lé e lẹ́nu iṣẹ́. Ààyè ti ṣófo. Ìwọ lo máa bọ́ sí i. Ọjọ́ méje gbáko, láràárọ̀, ìwọ lo máa dùbúlẹ̀ sórí bẹ́ńṣì, tí wàá fi ikùn ti bàsíà."

"Kábíyèsí, àwọn oníbàárà mi ńkọ́?"

"Wọ́n á máa kí ọ kú iṣẹ́."

Ìyá Aránṣọ bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Ojú Kábíyèsí bọ́ sí i lára.

"Ẹ̀yin aládùúgbò tẹ́ ẹ ti di dókítà. Fún ọjọ́ méje, ẹnì kankan nínú yín kò gbọdọ̀ jẹ ohun tí ajá ò gbọdọ̀ jẹ. Ohun tó bá wù yín, ẹ kọ́kọ́ gbé e lọ bi dókítà ẹran."

"Kọfí àárọ̀ mi ńkọ́?" Ìyá Aránṣọ béèrè.

"Rárá," dókítà ní.

"Ọbẹ̀ tí kò ní àlùbọ́sà?" Ohùn Ìyá Onílé gbọ̀n.

"Kò ní í ní iyọ̀ púpọ̀ pẹ̀lú, mà."

"Kí ló wá kù?" Tísà béèrè.

"Ìrẹsì funfun. Adìẹ bíbọ̀. Ẹ ó yọ egungun rẹ̀."

"Kábíyèsí," Ìjòyè Ọ̀tún ní, "ọba àti ìjòyè kò sí nínú èyí, àbí?"

"Kó àpò rẹ síta ná."

Ìjòyè Ọ̀tún fọwọ́ bo àpò rẹ̀. Kábíyèsí kó súìtì inú àpò tirẹ̀ sọ́wọ́ dókítà, ó kà á lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì dìde.

Láàárọ̀ òní, Oníbúrẹ́dì ti wà lórí bẹ́ńṣì kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, ó dì mọ́ bàsíà, ó bojú. Gbogbo ẹni tó ń kọjá ló kí i kú iṣẹ́. Ṣùgbọ́n ara ajá fi díẹ̀ gbóná ju ti èèyàn lọ, ìyẹ̀fun náà sì mọ̀ ọ́n. Búrẹ́dì tó jáde nínú ààrò pẹlẹbẹ bí àtẹ́lẹsẹ̀ bàtà. Wọ́n ránṣẹ́ sọ fún Kábíyèsí, ó ní òun ti gbọ́, ṣùgbọ́n ọjọ́ mẹ́fà ṣì kù.

Nígbà tó di ọwọ́ ìyálẹ̀ta, Jẹ́jẹ́ fa ṣòkòtò Bàbá Aláago lẹ́ẹ̀kan. Bàbá yọ awò lójú. Oníbúrẹ́dì ló dúró lẹ́nu ọ̀nà, bàsíà wà lábẹ́ apá rẹ̀, ìdérí onírin tó tẹ̀ mọ́ ọn pinpin wà lórí rẹ̀.

"Bàbá, ẹ dákun," ó ní. "Wákàtí kan péré. Mo ti ra ìdérí."

Bàbá fọwọ́ tẹ ìdérí náà yíká, ó gbọ̀n ọ́n wò, ó rí i pé ó dé dáadáa, ìyẹn sì wù ú.

"Bi ọ̀gá rẹ," ó ní, ó sì dá awò padà sójú.

Oníbúrẹ́dì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú ajá, ó kúnlẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ pé, "Ẹ jọ̀ọ́, sà."