Ilé Tí Kò Mu Omi Odò

Gbogbo yín lẹ máa ń pa á lówe pé ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Ó dáa. Ta nínú yín ló mọ ẹni tó ni ilé ọ̀hún? Ẹ rí i? Ẹ rò pé àfiwé lásán ni.

Ọláníhun ló ń jẹ́. Ó fẹ́ gbé Àrinpé níyàwó, ṣùgbọ́n ìyá Àrinpé ti là á mọ́lẹ̀ pé: "Ọmọ mi kò ní bá ọ há sí yàrá bàbá rẹ. Kọ́lé. Bí mo bá rí i tó bá tẹ́ mi lọ́rùn, màá fà á lé ọ lọ́wọ́."

Ọláníhun bá lọ bá Adégoróyè, ayàwòrán-ilé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ìlú ńlá dé. Adégoróyè kì í fi ojú méjèèjì wo nǹkan. Ọ̀kan ló máa ń dì kó tó sọ̀rọ̀.

"Ilé ìgbàlódé kì í fi ohun ilẹ̀ ayé ṣòfò," ó ní. "Amọ̀ ni a ó fi mọ ọ́n. Kò ní lórùlé, kí oòrùn lè máa tàn wọlé lọ́fẹ̀ẹ́. A kò sì ní pọn omi odò rárá."

"Kí la ó wá fi po amọ̀?"

"Itọ́. Odò ń gbẹ. Ẹnu èèyàn kì í gbẹ."

Ọláníhun bẹ ọ̀wẹ̀. Ogún ọkùnrin jáde. Wọ́n tutọ́ láti àárọ̀ títí oòrùn fi kàn wọ́n ní àtàrí. Amọ̀ tí wọ́n rí pò kò ju ẹ̀kúnwọ́ mẹ́ta lọ.

"Ẹ sun ìgalà síwájú wọn," ni Adégoróyè wí.

Wọ́n sun ún. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ẹni tó bẹ ọ̀wẹ̀ ló ń bọ́ àwọn tó wá ṣiṣẹ́. Àkàngbé, tó dàgbà jù nínú wọn, na ọwọ́.

"Ẹ má jẹ ẹ́, bàbá!" ni Adégoróyè ké. "Òórùn rẹ̀ lẹ ó máa gbọ́. Bí ẹ bá gbé itọ́ mì, ògiri lẹ gbé mì yẹn!"

"Ọ̀wẹ̀ wo ni wọ́n ti ń fi imú jẹun?" Àkàngbé bínú, ó tutọ́ sílẹ̀ pọ̀ọ́.

"Ẹ ṣeun, bàbá! Ti inú bíbí yìí ló ki jù."

Láti ọjọ́ náà, bí iṣẹ́ bá ti fẹ́ falẹ̀, Adégoróyè á bú wọn. Èébú ni ògiri náà fi ga. Ọyẹ́ ń fẹ́ nígbà náà, ohun gbogbo gbẹ, ilé sì dúró gbọn-in.

Ọláníhun ránṣẹ́ pe ìyá Àrinpé. Òwúrọ̀ tí ìyá dé, tòun ti Àrinpé àti àpótí aṣọ rẹ̀, gan-an ni ọyẹ́ kásẹ̀ nílẹ̀, tí ìrì sẹ̀.

"Ọláníhun, kí ló dé tí ògiri rẹ ń làágùn?"

"Ilé náà ń mí ni, mà," ni Adégoróyè yára dáhùn.

"Ó ń mí? Ó ti ń jókòó!"

Lóòótọ́, ògiri ẹ̀yìn ti jókòó. Ti ẹ̀gbẹ́ tẹ̀lé e, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí àgbà tó ń wá àga. Ìgbà tó yá, ilẹ̀kùn nìkan ló kù lóòró, Ọláníhun sì dì í mú.

"Ẹ wọlé, mà."

"Wọ ibo?"

Adégoróyè di ojú kan. "Ẹ wo bó ṣe padà sínú ilẹ̀ láìfi pàǹtí kankan sílẹ̀!"

"Àrinpé," ni ìyá rẹ̀ wí, "gbé àpótí rẹ. Ó di ilé."

Àkàngbé, tó wá wòran, bojú wo ẹrọ̀fọ̀ náà. Ó ṣe bí ẹni fẹ́ tutọ́ sí i, ó rántí, ó gbé e mì.

"Ẹran ìgalà wa dà?" ó bi wọ́n. Ó mirí, ó sì ń sọ ọ́ fún gbogbo wa títí dòní: ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o.